Òpó Tó Yọ Ewé

Nígbà tí mò ń sọ yìí, Bàbá Olóyèdé ṣì wà láyé. Ọkọ mi ti kú, ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń gbé Èrúkù ṣì wà, ìyá arúgbó tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ṣì ń jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ìyá elépo yìí ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń kọjá lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó figbe ta.

"Ẹ wá wò ó o! Òpó àwọn ọmọ yìí ti yọ ewé!"

Kí ariwo rẹ̀ tó rọlẹ̀, Bàbá Olóyèdé ti débẹ̀ pẹ̀lú àdá.

Ẹgbẹ́ rọ́gíbì Ìdọ̀fin ló ni òpó náà. Ẹni tí kò bá mọ rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò rí roboto, ó rí bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọn a sì máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ bí ẹni tó ń jà. Òpó gíga méjì ló máa ń wà ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan, igi ìdábùú kan á so wọ́n pọ̀ láàárín. Ọmọ ọmọ mi, Adépéjú, ni balógun àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, nítorí Kàdúná ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Favour, ọmọ ọmọ Bàbá Olóyèdé, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ti rí èkejì.

"Ta ló gbin igi sórí ilẹ̀ mi?" Bàbá Olóyèdé béèrè.

Gideon, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní eré náà, dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Òpó ni, kì í ṣe igi."

"Òpó? Tíṣà, níbo lo ti rí òpó tó ń yọ ewé? Ṣé òpó ilé bàbá tìrẹ máa ń so èso ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí wọn, ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá yá ọ ní ilẹ̀, o lè gbin iṣu, o lè gbin àgbàdo, o lè gbin ẹ̀gẹ́. O kò gbọdọ̀ gbin igi. Iṣu á kúrò nílẹ̀ láàárín ọdún, igi á dúró de ọmọ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ìjà ilẹ̀ bá dé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló gbin igi ibẹ̀. Igi ni ìwé tiwa. Bí bàbá tó bí Olóyèdé ṣe pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ lọ́nà Èrúkù nìyẹn. Àlejò kan yá a, ó ń gbin obì díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn iṣu. Nígbà tó di ogún ọdún, kóòtù ní àlejò náà ló ni ín. Olóyèdé kéré nígbà náà, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń sunkún lójú títì. Èmi náà rí i, ẹgbẹ́ kan náà ni wá.

Èmi ni mo sọ ìtàn yìí fún Adépéjú, lọ́jọ́ kan tí a jókòó tí à ń bó ẹ̀gúsí. Mo sọ ọ́ kó lè mọ ohun tí ìwà ẹ̀tàn ṣe fún ilé kan. Ohun mìíràn ló gbọ́ nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wọn ti káàkiri ìlú kí wọ́n tó dé ilẹ̀ Bàbá Olóyèdé. Pápá ilé ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ lò, wọ́n lé wọn pé wọ́n ń ba koríko jẹ́. Wọ́n bọ́ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà ìkórè dé, àwọn alátẹ gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá Olóyèdé ló wá fún wọn ní ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ kó sinmi lẹ́bàá títì. Ó ní, "Ẹ máa lò ó ná. Ní ti pé kó di tiyín pátápátá, ẹ jẹ́ kó di ìgbà ìkórè, màá fún yín lésì."

Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlọrin tó ń ṣètò ìdíje ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ nínú oṣù karùn-ún. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní pápá tirẹ̀ kò ní bá wọn díje.

"Màmá, bí Bàbá bá wá kọ̀ ńkọ́?" Péjú bi mí.

"Bó bá kọ̀, ẹ ó wá ibòmíràn."

"Ibo, Màmá? Ibo ló tún kù tí wọn ò tíì lé wa?"

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Gideon ní kí Péjú lọ gé ọparun létí odò, kí wọ́n fi ṣe òpó tuntun. Ọmọ náà kò lọ sódò. Igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi ló gé, ẹ̀ka gbọọrọ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé, ẹ mọ ìyeyè. Igi náà kò mọ ikú. Gé e, rì í mọ́lẹ̀, fi í sílẹ̀ kó gbẹ bí egungun. Òjò kan ṣoṣo á fún un léwé. Ó pe Favour, wọ́n jọ rù ú lọ sí pápá. Kò sí ewé kankan lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé igi wo nìyí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ da omi idọ̀tí nù lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo rí ojú gígé mẹ́rin lára ìyeyè mi. Mo dúró, mo wò ó, ó yé mi. Mo rẹ́rìn-ín sínú pé ọmọ mi gbọ́n, mo sì wọlé. Ẹ má gbàgbé ibi tí mo sọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ tí ewé yọ.

"Ta ló gé e wá?" Bàbá ń fi àdá gbá ara òpó bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan láàárín àwọn ọmọ náà dáhùn pé, "Favour àti Péjú ló rù ú wá."

Bàbá yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí ò ń jẹ iṣu inú ilẹ̀ mi?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé ìyeyè ni o! Kò ní ewé lára nígbà tí mo bá a rù ú." Favour wo Péjú.

Gideon náà wo Péjú. "Balógun, ọparun ni mo ní kí o gé. Ta ló ní kí ẹ gé ìyeyè?"

Ẹnu Péjú nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kù sí. Péjú wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Favour ló sọ pé ọparun létí odò ti tán."

Kí Favour tó la ẹnu, bàbá rẹ̀ àgbà ti gbá a létí níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, láàárín sáà ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Bàbá Olóyèdé gé òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú rẹ̀ kò rọ̀. Ó gé wọn wẹ́wẹ́, ó ń ju ègé kọ̀ọ̀kan káàkiri pápá, ó ń ṣépè. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Òjò rọ̀, gbogbo ègé ìyeyè tó fọ́n ká bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòngbò. Ẹ̀tàn gbin mẹ́rin, ìbínú gbin ogójì.

Ilé wa àti ilé wọn di ọ̀tá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún tí a jọ máa ń jókòó sí, wọ́n lọ sí òsì. Nídìí ẹ̀rọ omi, ìyàwó Bàbá Olóyèdé, Ìyá Àlàbá, fẹsẹ̀ ti garawa mi.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin igi, ẹ lọ pọn omi lábẹ́ igi yín!"

"Ìyá Àlàbá, ṣé èmi lò ń bá wí?"

"Ṣé garawa ló ń dáhùn ni?"

Mo gbé garawa mi, mo padà sílé lófìfo. Mo mọ ohun tí mo mọ̀.

Oṣù karùn-ún pé, àwọn ará Ìlọrin dé nínú ọkọ̀ funfun. Wọ́n bá Bàbá Olóyèdé lórí àga ní àárín pápá gan-an, àdá wà lórí itan rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ó wí fún wọn. "Oko ìyeyè mi nìyí. Bọ́ọ̀lù wo lẹ fẹ́ gbá?" Wọn kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi yí ọkọ̀ padà.

Nígbà tó di oṣù keje, Favour pe Péjú lórí fóònù. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Búrẹ́dì ni mò ń bá ìyàwó bàbá mi tà. Mi ò tíì sọ fún Bàbá pé irọ́ lo pa mọ́ mi o. Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fúnra rẹ." Ó gé fóònù náà.

Péjú kò jẹun lálẹ́. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó jẹ́wọ́. Mo ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o ti gé e. Mo rí ojú gígé lára igi náà."

Ó gbójú sókè. "Màmá, ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lé Favour?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò tíì bú mi tó dùn mí tó ìbéèrè yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, a jọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Olóyèdé. Kò ní ká jókòó. Péjú sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Èmi náà sọ tèmi. Bàbá yíjú sí mi.

"Ẹkún bàbá mi lo fi kọ́ ọmọ yìí ní olè."

"Mi ò fi kọ́ ọ ní olè. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí i, mo dákẹ́."

Ìyá Àlàbá jáde láti inú ilé. "Akọ̀wé ìjọ ti kọ ìwé ilẹ̀ náà tipẹ́! Inú Bíbélì Bàbá ló wà, ó ku kó tẹ̀ka sí i lọ́jọ́ ìkórè, níwájú ìjọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín lẹ wá jí!"

"Dákẹ́," Bàbá wí fún un. Ó yíjú sí Péjú. "Màá ní kí Favour máa bọ̀ nílé. Ní ti ilẹ̀, mi ò ṣèlérí kankan. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o gbin ín, ìwọ ni o máa hú u. Gbòngbò kan kò gbọdọ̀ kù."

Láti ọjọ́ yẹn, bí Péjú bá ti ti ilé ìwé dé, ọkọ́ ló ń gbé. Bí ó bá hú márùn-ún lónìí, òjò á tún fi méjì hàn ní ibòmíràn. Bàbá á gbé àga sí etí pápá, á máa fi í ṣẹ̀sín. "Balógun, fa á dáadáa! Gbòngbò nìyẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kò ní sá fún ọ." Favour padà dé, ó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, kò kí i. Títí di òní, kò tíì kí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù náà kò bá a gbé ọkọ́. Gideon nìkan ló bá a pọ́n ọkọ́ náà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí a bá fi sùúrù tọrọ, bí wọ́n bá fún wa, tiwa ni; bí wọn kò bá fún wa, ojú wa kò ní tì wá. Ohun tí a bá fi ẹ̀tàn gbà, a ó dá a padà tòun ti èlé, ọ̀rẹ́ wa ni yóò sì kọ́kọ́ san nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá ń ka èyí náà, ẹni tó rí ọmọdé tó ń ṣe ibi, tó rẹ́rìn-ín sínú, òun ló bomi rin igi náà. Ìwé ilẹ̀ yẹn ṣì wà. Mo rí i, kò sí ìka kankan lórí rẹ̀. Wáyà ni àwọn ọmọ Bàbá tó wà ní Àbújá fi yí pápá náà ká báyìí, ẹgbẹ́ rọ́gíbì Ìdọ̀fin sì ń tọrọ àyè kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí gbòngbò náà tán: ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìkórè. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Bàbá ti na ọ̀pá síbì kan, ó ní, "Ẹyọ kan ṣì kù níbi tí òpó kejì wà." Péjú jí ní ìdájí, ó lọ síbẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó gbẹ́ ẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó já sí i lọ́wọ́, gbòngbò gbọọrọ tó gùn tó apá rẹ̀. Kò dúró gbọn erùpẹ̀ nù. Ó gbá a mọ́ àyà bí bọ́ọ̀lù, ó sì sáré la pápá já lọ sídìí àga Bàbá.

"Bàbá, ó tán! Ẹ wò ó, ó ti tán!"

Bàbá Olóyèdé jókòó, ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ là sí ibi tí òpó kejì wà. Péjú kúnlẹ̀, ó gbé gbòngbò náà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo fọwọ́ kan ọwọ́ Bàbá. Ó ti tutù bí erùpẹ̀ ara gbòngbò náà.