Ìṣó Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Fàsásì

Ọjọ́ tí Sherifdeen kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù Fàsásì fọkanáísà ní Mile 12, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà léjìká rẹ̀, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì wọ ṣòkòtò péńpé kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé Ruqoyah, ọmọ Fàsásì, kò mọ ibi tí ì bá gbé ojú sí. Bàbá rẹ̀ ti lọ kí ìrun ọ̀sán. Òun nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ atẹ́gùn.

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, táyà mi ti jò. Ọ̀gá ńkọ́?"

"Èmi ni ọ̀gá lónìí," Ruqoyah dáhùn. "Ẹ gbé e sílẹ̀."

Kò kúkú parọ́. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ lẹ túùbù. Àmọ́ ti ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà ló mọ̀, kò tíì rí táyà tó tín-ín-rín tó báyìí rí. Ó gé ìlẹ̀mọ́ tó nípọn tí wọ́n ń lò fún ọ̀kadà, ó fi iná jó o mọ́ ọn, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Sherifdeen dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò tó wákàtí kan tó fi padà dé.

"Sister, kẹ̀kẹ́ yìí ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Ó ń fò kẹ̀?"

"Bí táyà bá ti yí kan ibi tí ẹ lẹ̀ yẹn, á gbé mi sókè, á tún já mi sílẹ̀. Láti ibí dé Kétu, ṣe ni eyín mi ń gbá ara wọn."

Ruqoyah fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Sherifdeen náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi pépà oníyanrìn ha ìlẹ̀mọ́ títí á fi fẹ́lẹ́. Ó sọ fún un pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkòsí lòun ti ń kàwé, pé òun wà lára àwọn mẹ́rin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ìdíje fún ilé ìwé náà. Nígbà tí Fàsásì fi máa ti mọ́sálásí dé, orí àwọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí túùbù kan ṣoṣo. Ó wúkọ́. Wọ́n jìnnà síra.

Ọdún 2005 nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Sherifdeen bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

"Irú táyà wo ló máa ń jò ní Ọjọ́bọ̀ nìkan?" Suwebat, ìyá Ruqoyah, béèrè lọ́jọ́ kan. Ruqoyah ní òun kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì ń bá ẹ̀wà tó ń ṣà lọ.

Sherifdeen béèrè oríkì rẹ̀, Ruqoyah ní Àṣàkẹ́ ni. Láti ìgbà náà, kò pè é ní orúkọ mìíràn mọ́.

"Àṣàkẹ́ mi, bí ẹsẹ̀ bá ń ro mí lórí òkè, ohùn rẹ ni mo máa ń gbọ́."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ń sọ pé, 'Èmi ni ọ̀gá lónìí.'"

Ruqoyah fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì lójú títì, àyà rẹ̀ á já.

Nígbà tí ọdún yípo, ó sọ ọ́ di mímọ̀ nílé pé Sherifdeen lòun fẹ́ fẹ́. Àfi bíi pé ó da omi sí iná ẹ̀rọ bàbá rẹ̀.

"Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láyé tí gbogbo èèyàn ń ra ọkọ̀?" ni Fàsásì wí. "Kí ló ń lé? Kí ló ń sá fún?"

"Bàbá Ruqoyah, ọmọ náà ń kàwé, ó ń kírun, ó mọ èèyàn kí," ni Suwebat sọ.

"Ṣé ó ti gba ipò kìíní rí?"

Sherifdeen kò gba ipò kìíní rí.

"Ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n máa gbà kọjá. Tó bá gba ipò kìíní, kí ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Tí kò bá gbà á, kí ó lọ máa lẹ túùbù níbòmíràn. Mo ti sọ tèmi."

Ruqoyah lọ bá Sherifdeen ní Alápẹ̀rẹ̀, nílé ìyá rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Àṣàkẹ́, Felix ló lè sáré jù nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá ku díẹ̀ kí a parí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wà níwájú rẹ̀, kí n máa fi ara dí atẹ́gùn fún un, kí ó má baà tètè rẹ̀ ẹ́. Tí Felix bá wọlé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la wọlé."

"Ìwọ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún bàbá mi."

Nígbà tí Felix gbọ́, ẹ̀rín ló rín. "Guy, fọkàn balẹ̀. Tí èmi àti ìwọ bá jọ dé òpin ìdíje ní Anthony níwájú, I go hold brake. Ìwọ wọlé lọ. Ṣé kọ́ọ̀pù ló máa se ọbẹ̀ fún ẹ ni?"

Ọkàn Ruqoyah balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń kọ ọ́ lóminú, ohun náà sì ni ìṣó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Fàsásì gan-an ni àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó àlùbọ́sà àti tòmátì bọ̀ láti òkè Ọya ti máa ń yà wọ ọjà. Pátákó ara wọn ti gbó, bí wọ́n bá sì ti já sí kòtò, ìṣó á bọ́ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń ṣépè. Ní ti Fàsásì, ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ló ti wo ibẹ̀ dáadáa kó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Kì í da ìṣó sílẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé kì í gbá a ni.

Nígbà tó ku ọ̀la ìdíje, Ruqoyah mú ìgbálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbá ojú títì yìí nítorí àwọn oníkẹ̀kẹ́."

"Kí o gbá oúnjẹ wa dànù? Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀, ó fi ti ògiri.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni ìdíje náà. Láti Kétu ni wọ́n ti gbéra, wọ́n lọ dé Ìkòròdú, wọ́n sì ń padà bọ̀ láti wá parí rẹ̀ ní Anthony. Ruqoyah dúró létí títì. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí kò bìkítà, ṣùgbọ́n kò ṣí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ yọ. Sherifdeen ló ṣíwájú, ó tẹ orí ba, Felix lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn sì tẹ̀ lé wọn.

Fàsásì dìde. "Ṣé òun ló wà níwájú yẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

Fàsásì rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú Ruqoyah dùn dé góńgó.

Ibi tí ó ti ń dùn náà ni táyà iwájú Felix ti dún fììì. Ọmọ Ìbàdàn kọjá wọn, ó ń lọ. Bọ́ọ̀sì tó kó táyà ìpààrọ̀ ṣì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn tó kù. Sherifdeen bojú wẹ̀yìn.

Má wẹ̀yìn, Ruqoyah ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Olólùfẹ́ mi, máa lọ.

"Deen, máa lọ," Felix náà ń wí. "Rántí ọ̀rọ̀ ìyàwó."

Sherifdeen dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ táyà iwájú tirẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀ lódindi, ó kì í bọ kẹ̀kẹ́ Felix. "Mi ò lè lé ọmọ yẹn bá. Ìwọ lè lé e bá." Ó fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn, Felix sì ṣí lọ.

"Kí ló ṣe yẹn?" Fàsásì béèrè. "Ó bọ́ táyà ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn?"

Sherifdeen gbé kẹ̀kẹ́ àti táyà tó jò wá bá wọn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Daddy. Àṣàkẹ́, bá mi lẹ̀ ẹ́. Tí ẹnì kan nínú àwa mẹ́rin kò bá dé, wọn ò ní ka tíìmù wa mọ́ wọn."

Ruqoyah tú táyà náà, ó fa ìṣó kan yọ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣó kúkurú ni, ó ti dípẹtà, ó sì tẹ̀ lórí. Fàsásì mọ irú rẹ̀ bí ó ṣe mọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìṣó, ó wo ojú títì, ó wo ìgbálẹ̀ lára ògiri. Ìlẹ̀mọ́ ni Ruqoyah ń ha, ó ha á títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé.

Fàsásì fúnra rẹ̀ ló fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ipò kìíní?"

"Mo gbọ́, sà."

"O sì dúró."

"Felix ni, sà. Mi ò lè fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Fàsásì fọwọ́ yí táyà náà, ó wò ó bí ó ṣe ń yí. "Eléyìí kò ní fò. Máa lọ."

Felix lé ọmọ Ìbàdàn náà títí, ṣùgbọ́n ipò kejì ló bọ́ sí. Sherifdeen ṣe ipò kọkànlélọ́gbọ̀n. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka mẹ́rin-mẹ́rin, tíìmù wọn ló gba kọ́ọ̀pù, torí pé tíìmù tiwọn nìkan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé.

Nírọ̀lẹ́, Sherifdeen gbé kọ́ọ̀pù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti Felix. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Daddy, mi ò lè parọ́ fún yín. Èyí kì í ṣe tèmi nìkan, ti àwa mẹ́rin ni."

Fàsásì kò wo kọ́ọ̀pù. Ìṣó àárọ̀ ló mú jáde látinú àpò rẹ̀. "Ìṣó mi ló wọ táyà yẹn. Ọmọ mi fẹ́ gbá a kúrò, èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀. O dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ nígbà tó o mọ ohun tó máa ná ẹ. Ọkàn mi balẹ̀ pé o ò ní fi ọmọ mi náà sílẹ̀. Kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Ruqoyah sá wọnú ilé. Ẹkún ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Felix rí i.

Wọ́n dúró kí Sherifdeen parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó sì ríṣẹ́. Ní 2008, wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Sherifdeen ní orí kẹ̀kẹ́ lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mẹ́ta máa gbà wá. Kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, Ruqoyah ti kun làálì, ó gbọ́ tí nǹkan ń dún wọ́ọ́wọ́ọ́ níta. Ó yọjú. Bàbá rẹ̀ ti wọ aṣọ tuntun, ó ká apá rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá ojú títì láti iwájú ṣọ́ọ̀bù títí dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Ó ń ṣa ìṣó sínú agolo mílíìkì.

"Bàbá," Ruqoyah pè é, "ṣé oúnjẹ wa lẹ ń gbá dànù yẹn?"

Fàsásì kò gbé orí sókè.

"Bá mi mú agolo mìíràn wá, èyí ti kún," ó ní. "Àna mi ń bọ̀."