Afínjú Ò Gbọdọ̀ Fọ Ẹ́ńjìnnì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ni mo ń rín. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ń fa ọkọ̀ ojú omi kan jáde látinú odò, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe sì ń yọ̀. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, ó ń ta ẹrẹ̀ sí gbogbo wa lára. Àwa onípíkọ́ọ̀pù tá a máa ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà etí omi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ò lágbára. Ẹlòmíì ní rárá, awakọ̀ ni.

Èmi ni mo dìde. Mo ní píkọ́ọ̀pù tèmi, òun ni mo fi ń jẹun. Mo ń bá àwọn èèyàn fa ọkọ̀ ojú omi wọn wọlé, mo sì ń bá wọn fà á jáde.

"Bọ̀dá, jíà kìíní ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kí táyà lè rí ilẹ̀ dì mú!"

Wọ́n gùn ún. Ọkọ̀ náà gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Hàà! Ẹ́ńjìnnì náà ń dán bí àwo tí wọ́n ń gbé fún àlejò.

"Ṣé ẹ máa ń jẹun nínú ẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo Sátidé ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Mo máa ń fi ọ̀rá wé ibi tí iná wà, kí omi má bàa wọ̀ ọ́."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Afínjú nìyẹn. Káfíńtà ni, ọkọ̀ ojú omi onípákó ló ń kàn. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, kò sì ní nǹkan kan tó fẹ́ fà. Nígbà tó yá, ó ń pè mí ní àyànfẹ́ mi. Nígbà tó tún yá, mo ti ń jẹ́ ẹ. Tí n bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè, inú mi á ti máa dùn.

Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá mi gbà á. "Ọkùnrin tó ń fọ ẹ́ńjìnnì, ṣé àwo ló máa wá nira fún?"

Bàbá mi ni wàhálà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tún ṣe, wọ́n sì ti rí oríṣiríṣi èyí tí àwọn oníjìbìtì fọ̀ mọ́ tónítóní láti fi bo ibi tó ń jò, kí wọ́n lè tà á fún ẹni tí ò mọ̀. Ọjọ́ tí Afínjú wá kí wọn, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó ṣí.

"Kí ló ń jò níbí tó o fi ń fọ̀ ọ́ tó báyìí?"

"Kò sí, sà. Mo kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó ni."

"Ó dáa. Má fọ̀ ọ́ mọ́. Máa gbé e ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí n bá ní kó o gbé e wá, màá mọ irú ẹni tó fẹ́ mú ọmọ mi lọ."

Ẹ wo ìyà! Eruku ń bò ó, ẹrẹ̀ ń gbẹ mọ́ ọn, ọwọ́ ń yún ọmọkùnrin. Àwọn onípíkọ́ọ̀pù á mọ̀ọ́mọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kọjá níwájú ẹ̀. Mo ń rọ̀ ọ́ pé kó fara dà á nítorí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá mi pè é. Ó páàkì sẹ́nu géètì wa, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú ẹ̀ sì fà ro. Ọ́ìlì dúdú ti pò mọ́ eruku, ó ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

"Ó ń jò," ló wí. "Láti ọjọ́ yìí ló ti ń jò. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ kúrò tí mi ò mọ̀."

Mo mọ bàbá mi: wọ́n á ní òpùrọ́ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo ju àkísà sí i. "Nù ún kíá! Wọn ò tíì jáde."

Ó wo àkísà náà, ó nà án padà sí mi. "Àyànfẹ́ mi, tí n bá nù ún, ohun tí wọ́n rò nípa mi á di òótọ́."

Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Bàbá mi jáde, wọ́n ń nu ọwọ́. Afínjú ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dé ìdí ọkọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ń jò. Ibí yìí ni. Èmi ni mi ò mọ̀."

Wọ́n fi ìka kan ọ́ìlì náà, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì títí ìyá mi fi yọjú lójú fèrèsé.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ló gbó," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ta ló ń bá ẹ tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Èmi fúnra mi ni, sà."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀." Bàbá mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi kọ́ géètì. "Wá di ibí mú. Ìwọ tó ò ń sunkún yẹn, lọ bá mi gbé sípánà wá. Tó o bá dénú ilé, sọ fún ìyá ẹ pé kó mú ọjọ́ tá a máa gba ẹbí ọkọ ẹ lálejò."

Ọkọ mi! Lẹ́nu bàbá mi! Mo sáré wọlé lọ bá ìyá mi, a dì mọ́ra wa, a ń pariwo. Bàbá mi pè títí, wọn ò rí sípánà.