Tẹlifíṣọ̀n Kẹrin

Zakariyah ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kó tẹlifíṣọ̀n àlòkù mẹ́rin wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alábà pé kó bá mi tún wọn ṣe.

"Sistá, ojú mélòó lẹ ní gan-an?"

"Méjì. Méjèèjì ló ń ṣọ́ ẹ, má ba nǹkan mi jẹ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi, mi ò ní purọ́.

Mo ṣàlàyé iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe fún un. Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, katapílà wá láti wó ọjà kan l'Ájáńgbádì. Àwọn obìnrin so ìborùn wọn pọ̀, wọ́n fi dí ọ̀nà, wọn ò sì kúrò títí katapílà fi padà. Síbẹ̀, orúkọ ọkùnrin nìkan ló wà lára pátákó ìrántí tí wọ́n gbé sí ọjà náà. Ẹnìkan fi fóònù ya fídíò ọjọ́ náà. Mo fẹ́ pín in sórí tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, obìnrin kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìborùn náà gba inú gbogbo wọn kọjá.

Zakariyah wo fídíò náà, ó nàka sí obìnrin kan. "Màmá mi lẹni ìkẹrin yìí."

Nígbà tí ìfẹ́ wa gbóná, ó mú mi lọ kí màmá rẹ̀ n'Íbà. Àlàájà Sìdíkàt gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, àfi ìgbà tí mo dárúkọ fídíò.

"Maimunat, yọ mí kúrò ńbẹ̀. Nítorí ọjọ́ yẹn, àwọn ẹbí ọkọ mi pè mí ní aláìnítìjú. Bó o bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, má gbé mi síta."

"Màmá, mi ò ní fi ojú yín hàn bí ẹ ò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹlòmíì dí àyè yín. Á ṣófo bẹ́ẹ̀ ni."

"Olórí kunkun!" Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ó dùn mí wọra. Zakariyah sìn mí dé Okokomaiko, ó di ọwọ́ mi mú. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Màá ṣì tún ìkẹrin yẹn ṣe, kó wà ní sẹpẹ́ bí Màmá bá yí ọkàn padà."

Lọ́sàn-án Sátidé, a to tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin sínú ọjà náà. Mẹ́ta ń ṣiṣẹ́. Ìborùn dé etí ẹ̀kẹta, a ò rí ibi tó gbà mọ́. Ìkẹrin dúdú.

"Ta ló di etí kejì mú?" Àwọn ìyá ọlọ́jà ń bi ara wọn.

"Èmi ni."

Àlàájà Sìdíkàt ni, láàárín èrò. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wá. Wọ́n bọ́ síwájú. "Zaka, tàn án."

Ó tàn án. Màmá nìyẹn níwájú katapílà, wọ́n wé etí ìborùn mọ́ ọwọ́. Ọjà ho yèè.

Màmá wo ara wọn nínú tẹlifíṣọ̀n náà títí, wọ́n nu ojú, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?"