Àfikún Tí Kò Ní Kọmíṣàn

Ọkùnrin náà dúró sínú kòtò ìpìlẹ̀, omi òjò mù ún dé orúnkún, ó ń fi korobá gbọ́n ọn síta, ó sì ń bá omi náà wíjọ́ bí ẹni pé ó létí. Lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni obìnrin alárinà ilé kan dúró sí, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́yìn. Láti àárọ̀ ló ti ń rìn, gbogbo ara ń ro ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o," ni ọkùnrin náà wí láìgbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ máa gbé ilé tó gbẹ."

"Èmi kọ́ ni onílé. Alárinà lásán ni mí."

"Kò sí alárinà lásán. Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ ká rí ibi gbẹ́ kòtò."

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ ló mú wá. Wọn kò fẹ́ ilé tí ẹlòmíì ti yà sọ́kàn. Wọ́n fẹ́ èyí tí wọ́n máa kọ́ sí ìwọ̀n tiwọn. Ọkùnrin inú kòtò yìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bójú tó owó àti àdéhùn, àbúrò ń bójú tó bíríkì. Kọ́lékọ́lé ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ alárinà yóò rò pé owó ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ilé tó ti wà nílẹ̀, o mú èèyàn wò ó, ó rà á, o gba kọmíṣàn rẹ, ó parí. Ilé à-kọ́-fún-ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ onílé lowó ń dé, kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún kì í sì í yá. Ní gbogbo ìgbà yẹn, obìnrin yìí ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀, ó sì ń bá ìyàwó tíṣà kiri ní gbogbo Sátidé. Lónìí wọ́n á yan fèrèsé, lọ́jọ́ mìíràn táìsì, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀kùn onígíláàsì.

Gbogbo Sátidé náà ni Kọ́lékọ́lé ń nu eruku orí pákó kan dè é. Wọ́n á jọ jókòó síbẹ̀, wọ́n á jọ mu omi inú ìgò kan. Kí òrùlé tó bo ilé, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri rẹ̀, Kọ́lékọ́lé ti ń pè é ní ìfẹ́ mi níbi tí àwọn bíríkílà kò ti ní gbọ́. Ìyá obìnrin náà nílé ti fura. Ó ní ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú orin lẹ́nu, iṣẹ́ nìkan kọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí tíṣà dé tó ń ráhùn pé àfikún owó fèrèsé, táìsì àti ilẹ̀kùn ti fẹ́ ju owó ilé lọ, oòrùn ti pa Kọ́lékọ́lé débi pé kò ro ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ bi alárinà yín, sà," ló wí. "Bí ilé bá ṣe ń wọ́n sí i ni kọmíṣàn tiẹ̀ ń sanra sí i."

Àwọn bíríkílà rẹ́rìn-ín. Tíṣà wo obìnrin náà bí ẹni wo olè. Orúkọ rere ni gbogbo ọjà tí alárinà ní, ṣùgbọ́n ojú tíṣà kọ́ ló dun obìnrin yìí jù.

"Ẹ ṣé, sà," ló sọ fún Kọ́lékọ́lé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sì gbé ìpè ọkùnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló là á lójú, nígbà tí Kọ́lékọ́lé ń ṣàròyé pé alárinà ti pa iṣẹ́ tó ń sanwó fún un tì.

"Iṣẹ́ wo ló ń sanwó?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Iye tí a kọ́kọ́ jọ fẹnu kò sí nìkan la ń san kọmíṣàn lé lórí. A kì í san kọ́bọ̀ lórí àfikún. Ojú rẹ ni mo ṣe sọ ọ́ fún un, ìwọ ń bá oní-sìmẹ́ńtì jà lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni obìnrin yẹn ń rìn."

Kọ́lékọ́lé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé tíṣà ló kọ́kọ́ lọ, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níwájú tọkọtaya náà. Lẹ́yìn náà ló gba ilé obìnrin náà lọ. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn, ó wò ó tòkètilẹ̀.

"Ìwọ ni Sátidé?" ló bi í, ó sì nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kọ́lékọ́lé jókòó tì í, ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ bó ṣe bá tíṣà sọ ọ́, ó wá béèrè ìdí tí obìnrin náà kò fi sọ fún òun pé kò rí nǹkan kan gbà lórí àfikún.

"Kí n sọ pé mi ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́? Kí n sọ pé torí ẹ ni mo ṣe ń jẹ eruku?" Ohùn rẹ̀ kò le, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Àpò mi lo wò, o ò wojú mi. Òun ló dùn mí."

Ẹni tó ń bá omi wíjọ́ kọjú sí i. Ó ní, "Jẹ́ kí n fẹ́ ọ. Ilé onílé ni mò ń kọ́ kiri, yàrá kan ni mo háyà. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní fẹnu mi tà ọ́ láwùjọ láyé."

"Ó rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀."

"Ó rẹ̀ mí gan-an ni. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni báyìí, má bínú pé mi ò fò sókè."

"Má fò. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, kí ọkùnrin náà sì tó rí ọ̀rọ̀ dídùn kankan sọ, oorun ti gbé e lọ.

Ìyá pariwo láti inú yàrá pé ibo ni wọ́n bọ́rọ̀ dé.

"Ẹ rọra, mà," ni Kọ́lékọ́lé dáhùn jẹ́jẹ́, kò mira. "Ó ti gbà. Ó ti sùn."

Ìyá mú aṣọ ìbora jáde, ó fi bo àwọn méjèèjì.