Ohun Tó Di Ìdákọ̀ró Wa Mú

A ti pa ẹ́ńjìnnì tó ń ká wáyà, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn bí wáyà ṣe le tó ń gòkè. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú amọ̀ rírọ̀ bíi ti ìsàlẹ̀ òkun níbi tí a wà, tí a bá ti dáwọ́ fífà dúró, ńṣe ni wáyà máa ń dẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti ju ìdákọ̀ró sísàlẹ̀ òkun, ká fà á, ká mọ̀ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ lè di ọkọ̀ ńlá mú.

Mo gbé ọwọ́ lé wáyà. Ó ń fà: ọ̀kan gígùn, kúkúrú méjì. Bí àbúrò mi ṣe máa ń fa okùn nìyẹn tó bá mòòkùn tán, tó fẹ́ ká gbé òun sókè. Kúkúrú méjì yẹn kò pọn dandan. Ó ní kí n má baà sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Oṣù tó kọjá ló wọ omi níbẹ̀ láti wo ìdákọ̀ró tó dojú dé. Okùn rẹ̀ nìkan ló padà.

Mo pe ẹnjiníà. Obìnrin náà fọwọ́ kan wáyà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ fà á," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ rọra, bùọ̀dá."

Òótọ́ ló sọ. Amọ̀ rírọ̀ kì í fẹ́ wàdùwàdù. Tí a bá fi ipá fa wáyà, ìdákọ̀ró á fò yọ, ohun tó dì mú á kù sísàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ìyá rẹ̀ ń pè tí yóò rọra? Mo fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì fà á. Nǹkan já lábẹ́ omi. Abẹ́rẹ́ balẹ̀ sí òdo.

Ìdákọ̀ró gòkè wá pẹ̀lú amọ̀ dúdú. Àmì àtẹ́lẹwọ́ méjì wà lára amọ̀ náà. Ìka àárín ọ̀kan kúrú, bíi ti àbúrò mi tí wáyà gé lórí. Àmì ìka àwọn mìíràn wà lórí tirẹ̀, ńlá àti kékeré, bí ẹni ń já ọwọ́ ọmọdé kúrò lára aṣọ ìyá rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi síbẹ̀. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

A ń ju ìdákọ̀ró náà padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò di nǹkan kan mú mọ́. Ẹnjiníà ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára, ká lọ síbòmíì. Ẹkún ló fi sọ ọ́.

Nílé, màmá wa béèrè bóyá a rí i. Mo ní rárá. Ó ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni sọnù lọ, kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí òun rí òkú rẹ̀ sin.

Mi ò lè sọ fún un pé kò tíì kú.