Ẹsẹ̀ Tó Ń Tan Iná

Ràdíyàtù fi àtẹ́lẹwọ́ dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò kú.

Ó wò ó títí. Òótọ́ ni pé àwọn fìtílà kẹ̀kẹ́ ayé òde òní máa ń tàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró, ṣùgbọ́n fìtílà àtijọ́ ni èyí, inú àpótí bàbá rẹ̀ ló ti mú un jáde. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Dínámò tó wà nínú ìdodo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń fún un níná. Bí ẹsẹ̀ kò bá yí, kò sí ohun tí dínámò lè ṣe. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ wà lára ògiri, kò mì, kò ṣẹ́jú. Ràdíyàtù ní bísímílláì, ó sì tú wáyà rẹ̀. Ìgbà náà ni iná kú.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ òun ń ṣe ohun tí òun kò rán an?

Iṣẹ́ ọwọ́ Ràdíyàtù kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí à ń tijú sọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Adjamé nílùú Àbíjàn, lẹ́yìn ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní gbaka ti ń pe èrò. Abdul-Ganiyu bàbá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Nígbà tí àwọn ará ọjà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló ń kọ́ níṣẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ tán ná." Ó kọ́ ọ tán lóòótọ́. Lónìí, bí Ràdíyàtù bá ń hun àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní reyọ́ọ̀n sínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, èékánná ló fi ń ta wọ́n, etí ló fi ń mọ èyí tó dẹ̀ àti èyí tó le jù. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń tò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí.

Salimatou, agbẹ̀bí kan tó ń gbé ní Attécoubé, ló fẹ́ ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun náà. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò sì lè rìn jìnnà kí Faransé má bá a rìn. Ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Tàǹtí, bátìrì ni mo fẹ́ o. Òkè Attécoubé yẹn, mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ gùn ún ni. Tí mo bá ń lọ doucement, jẹ́jẹ́ báyìí, dínámò á kàn máa ṣẹ́jú."

"Òótọ́ lo sọ," ni Ràdíyàtù wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ láti àárọ̀, níbo lo ti fẹ́ rí iná fún bátìrì? Ẹni tó ń rọbí kò lè dúró de iná ìjọba. Dínámò kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ rẹ ni yóò máa bọ́ ọ."

"Tí mo bá wá dúró ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ àná dé ọ̀fun Ràdíyàtù, ó sì gbé e mì. "Bí o bá dúró, iná á kú. Máa gbé fóònù rẹ dání."

Salimatou fi èékánná ta reyọ́ọ̀n kan bí Ràdíyàtù ti máa ń ṣe. "Ta ló hun èyí?"

"Èmi ni," ni Ràdíyàtù wí, àyà rẹ̀ sì yọ síwájú díẹ̀. "Dínámò àkọ́kọ́ tí mo hun nìyẹn."

Ó di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Salimatou ti gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, iná ọba sì ti lọ láti òwúrọ̀. Ràdíyàtù kírun màgàríbì tán, ó jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń retí kí òjò dá. Lójijì, itan rẹ̀ méjèèjì le gbagidi. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀: wọ́n wà nílẹ̀, wọn kò mira. Ṣùgbọ́n ohun kan ń tì í lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè tí kò lópin. Òógùn bò ó. Ó fẹ́ pariwo, èémí kò tó.

Ó gbìyànjú láti dẹ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Bí ó ti ń dẹ̀ ẹ́ báyìí ni ẹ̀rù kan mú un, irú ẹ̀rù tí í mú ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ dání létí odò. Kò mọ ohun tó fà á. Ó ṣáà mọ̀ pé bí òun bá dáwọ́ dúró, ẹnìkan yóò bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó pa eyín pọ̀, ó sì ń wà á lọ, lórí ìjókòó, láìmira, títí tí wọ́n fi pe ìrun ìṣà. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tú sílẹ̀ bí okùn tó já.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó gbóná, Salimatou ti dé, ẹrẹ̀ bo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́. Bàbá Àbdùlbàkí, ọ̀rẹ́ olóògbé Abdul-Ganiyu, tó ń ta táyà àlòkù ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

"Tàǹtí, ẹ gbọ́! Obìnrin kan ń rọbí lókè lọ́hùn-ún lánàá. Ilé ṣú dùdù, fóònù mi ti kú, ti gbogbo ilé ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mo wọ́ kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, mo rò pé màá ní kí ìyá arúgbó ilé bá mi fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, iná ti tàn. Je vous jure, mo búra fún yín, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fẹ́ ṣú, ó tún mọ́lẹ̀. Ìwọ́ ti wé ọmọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì. Iná yẹn ni mo fi rí i tí mo fi tú u. Bí ọmọ ti ké, wọ́n pe ìṣà, iná sì kú. Àtìyá àtọmọ, àlàáfíà ni wọ́n wà."

Ràdíyàtù fẹ́ dìde kó dì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òjò àná ló fún òun lótùútù. Bàbá Àbdùlbàkí dúró títí tí agbẹ̀bí fi lọ. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ lẹ́sẹ̀," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ni, Bàbá?"

"Ohun tó mú bàbá rẹ. Dókítà ní làkúrègbé ni. Kì í ṣe làkúrègbé. Bí Ganiyu bá ń hun dínámò, ó máa ń sọ ọ́ sí i pé, 'Kí ẹni tó bá gun èyí má ṣe wà lókùnkùn.' Mo rí ètè rẹ nígbà tí ò ń hun ti agbẹ̀bí. Ìwọ náà sọ ọ́."

"Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Àdúrà ṣáà ni."

"Àdúrà ni. Ó sì gbà."

Òde ń pariwo, àwọn tó ń pe èrò gbaka ń kígbe Yopougon, Yopougon.

"Fi bátìrì sí kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn," ni Bàbá wí. "Kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Ayé ti lajú, bátìrì ti dára."

Ràdíyàtù ń fọwọ́ ra itan rẹ̀. "Mélòó ni bàbá mi ṣe?"

"Mẹ́tàdínlógún. Yopougon ni púpọ̀ wọn wà."

"Wọ́n ṣì ń tàn?"

Bàbá Àbdùlbàkí fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀. "Mo rí Émile, ẹni tó ń kó búrẹ́dì káàkiri, níjẹta. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ń já búrẹ́dì kalẹ̀. Iná ń tàn."

"Bàbá, ọdún kẹfà rèé tí a ti sin bàbá mi."

"Mo mọ̀."

"Ta ló wá ń wà á?"

Bàbá fi ìka tọ́ka sí ilẹ̀.

Omijé kò jáde lójú Ràdíyàtù. Àánú bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọlù ú, tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ láìsinmi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun mìíràn dìde láyà rẹ̀, ó ga, ó gbóná. Irú ènìyàn báyìí ló bí òun! Ẹni tí ikú gan-an kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Émile," ló wí. "Kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ bá mi wá àwọn tó kù náà. Màá tú wọn kí bàbá mi lè sinmi, màá tún wọn hun lọ́wọ́ ara mi."

"Mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú ti agbẹ̀bí? Ràdíyà, ẹsẹ̀ méjì péré lo ní!"

"Méjì ni òun náà ní, Bàbá."

Émile gbé kẹ̀kẹ́ dé lọ́sàn-án, ó gbé e kalẹ̀, ó wá ibi jókòó sí lóde. Ràdíyàtù tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé e lé itan, ó sì ń tú àwọn reyọ́ọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó gbẹ̀yìn ti jábọ́, ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀, èémí gígùn, bí ti ẹni tó rin ìrìn àjò tó jìn, tó dé ilé, tó sọ̀ kalẹ̀ tó na ẹ̀yìn. Òórùn ọṣẹ tí Abdul-Ganiyu fi ń fọ gírísì lọ́wọ́ rọra gba ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ó lọ. Bàbá Àbdùlbàkí ṣí fìlà.

Dínámò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ Ràdíyàtù. Ètè nìkan kọ́ ló fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbóhùn sókè, àwọn tó ń kọjá lóde sì gbọ́:

"Kí ẹni tó bá gun èyí má ṣe wà lókùnkùn."

Ó fi reyọ́ọ̀n àkọ́kọ́ bọ ojú ihò rẹ̀. Ó ku mẹ́rìndínlógún.