Àpò Tí Damien Ń Rán, Tó Tún Ń Tú

Aránṣọ ni Damien, ọmọ ìlú Pobẹ̀, ní àdúgbò Nzeng-Ayong nílùú Libreville. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Ẹ gbé ṣòkòtò tó ti ya fún un, ẹ ò ní í mọ ojú ibi tó ti ya mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: ó gbà pé kò sí ohun tí òun ò lè fọwọ́ ara òun rán.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń ro ó. Àwọn ọmọ fẹ́ẹ́ wọlé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ kún ilẹ̀, ó sì ń jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oníbàárà kan wá fún un ní hóró oògùn kan, irú èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní kobolo. Damien gbé e mì. Ẹ̀yìn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo ara ló dákẹ́. Ó dùn mọ́ ọn jọjọ.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, ẹ̀yìn ò sì ro ó mọ́ tó ṣì ń gbé e mì. Bí Antoinette, ìyàwó rẹ̀, bá sọ̀rọ̀, á ní kó fọkàn balẹ̀, òun mọ ìwọ̀n ara òun. Láti fi hàn án pé òun lè kó ara òun níjàánu, ó dá ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé aránṣọ nìkan ló lè dá a. Ó rán àpò kékeré kan sínú ẹ̀wù rẹ̀, ó ki hóró kan ṣoṣo bọ̀ ọ́, ó sì fi òwú rán ẹnu rẹ̀ pa. Ó ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí òun tó ṣí i.

Kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ó ti fi abẹ tú u. Á tún un rán, á tún un tú. Òwú tó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù kò ràn án lọ́wọ́. Báwo ni ì bá sì ṣe ràn án lọ́wọ́? Ẹni tó rán àpò, tó mọ ibi tó so kókó sí, ta ni yóò dí i lọ́wọ́ àtitú u?

Ní òdìkejì títì ni Clément ti ń tún bàtà ṣe. Nàgó tó ń sọ èdè wa bíi tiẹ̀ ni, ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, onígbàgbọ́ sì ni. Ó máa ń sọ̀rọ̀ Jésù fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Damien á sì rẹ́rìn-ín. Á ní kí ẹ̀gbọ́n lọ wàásù fún àwọn ọ̀mùtí, òun kì í mutí.

Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un níka, kò mọ̀, àfìgbà tí oníbàárà rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n pè é láti Pobẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní òun ti gbọ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán kọ́là ẹ̀wù lọ. Antoinette ń wojú rẹ̀, ó ń retí omijé. Damien alára retí rẹ̀. Kò wá. Ó dà bí ẹni pé ìyá ẹlòmíì ló kú.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà wá dójú ẹ̀. Gwladys, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ń ṣa bọ́tìnnì nísàlẹ̀ tábìlì níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń lọ aṣọ. Irin gbígbóná náà bọ́ lọ́wọ́ Damien, ó sì balẹ̀ sí apá ọmọ náà. Gwladys figbe ta. Damien gbọ́ igbe náà, ó rí bí awọ apá ọmọ ṣe ń bó, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sáré. Ṣùgbọ́n ó dúró sójú kan, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òjò lójú fèrèsé.

Clément ló sáré kọjá títì wá gbé ọmọ, òun àti Antoinette sì wọ takisí lọ síbi ìtọ́jú. Láti ibẹ̀, Antoinette gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ní àdúgbò Sibang. Kò pariwo. Ó kàn pe Damien lórí fóònù.

“Bàbá Gwladys, ọmọ ń béèrè ìdí tí ẹ ò fi gbé òun. Mi ò mọ èsì tí màá fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ wá.”

Damien jókòó. Ó wá ẹ̀dùn nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kò rí i. Àpò ẹ̀wù ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń tú. Bẹ́ẹ̀ ni Clément ṣe bá a.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Damien wí, “irin jó ọmọ mi lójú mi, kò dùn mí.”

Clément fìdí lé àga oníbàárà. “Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò fún oyin àti fún egbò. Oyin dùn. Egbò ń dùn mí. Oògùn yẹn kò mọ èyí tó máa mú, ó kó méjèèjì lọ.”

Damien ní òun ti fi gbogbo agbára òun rán àpò náà pa, òun náà ni òun sì ń tú u.

“Ìwọ lo rán an, kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀,” ni Clément dáhùn. “Ẹṣin kì í di ìjánu ara rẹ̀ mú, Damien. Ẹlẹ́ṣin ló ń dì í mú. Fi ìjánu rẹ lé Jésù lọ́wọ́.”

Ó wá rò fún un bí Olúwa ṣe kú nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀, àti bí wọ́n ṣe gbé wáìnì tí wọ́n po oògùn mọ́ fún un kí wọ́n tó kàn án mọ́gi, kí ara rẹ̀ lè kú, kó má mọ ìrora. Ó kọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kó dun òun, kí á lè rí ìgbàlà.

Damien kò sunkún. Kò mọ nǹkan kan lára. Ó kàn kúnlẹ̀ láàárín èérún aṣọ, ó ní, “Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mi ò lè di ara mi mú. Ẹ dì mí mú.” Ó bọ́ ẹ̀wù náà fún Clément, Clément sì gé àpò ọ̀hún kúrò.

Ní ọjọ́ Ajé, Clément tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ewu wà nínú kéèyàn ṣàdédé já irú oògùn bẹ́ẹ̀. Kò rọrùn rárá. Ara rẹ̀ gbọ̀n, inú run ún, oorun dá lójú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá àpò láyà, lójoojúmọ́ ló sì ń ké sí ẹni tó di ìjánu mú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, abẹ́rẹ́ tún gún un. Ó fa ọwọ́ yọ kíá. Ó dùn ún! Ó wo ìka náà títí. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ tó kú dùn ún, apá Gwladys náà dùn ún. Ó gbórí lé ẹ̀rọ, ó sunkún bí ọmọdé.

Ó wọ takisí lọ sí Sibang pẹ̀lú ojú tó ti wú. Gwladys ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà, àpá náà wà lápá rẹ̀. Damien kúnlẹ̀, ó di apá náà mú. Ọmọ náà wojú rẹ̀.

“Papa, ṣé ó ń dùn yín ni?”

“Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an.”

Antoinette tó dúró lẹ́yìn ọmọ gbọ́ ọ. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Tìẹ lè má jẹ́ kobolo. Ìgò lè ni, tàbí ewé tí ò ń fà. O ti búra títí, o ti rán an pa, o sì ti tú u. O mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run náà mọ̀ ọ́n. Ìgbà wo ni nǹkan dùn ọ́ kẹ́yìn?

Má ṣe dúró de omijé kí o tó wá. Damien kò ní ẹyọ kan lójú lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀, Jésù sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀la kì í ṣe tìẹ. Níbi tí o wà yìí, kí o tó ká ìwé yìí, sọ fún un pé o kò lè di ara rẹ mú. Ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́gi, tó sì dùn ún, ló nà sí ọ. Gbé ìjánu náà lé e.